Orúkọ èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ẹ yé fọ́n línkì ká: bí mo ṣe rí Google Drive, Dropbox àti OneDrive

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣiṣẹ́, a máa ń bá àwọn èèyàn to ìwé pọ̀, ká ya àwòrán sí i, ká tún un tò títí táá fi dé ilé ìtẹ̀wé. Kò sí iṣẹ́ kan tá a ṣe rí tí ò ní ará ìta nínú: oníbàárà fúnra ẹ̀, ẹni tó ń bá a ka ìwé wò, ẹni tó ya fọ́tò, ilé ìtẹ̀wé. Gbogbo wọn ló fẹ́ rí fáìlì, gbogbo wọn ló sì ń kánjú. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa sọ fún yín bó ṣe ń rí téèyàn bá ń pín fódà orí kíláòdù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn tí kì í ṣe ara yín, ibi tó dùn àti ibi tó ti ń tani, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ojú mi ti rí nǹkan.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dójú tì mí. Mi ò ní dárúkọ ibi tá a ń tọ́jú fáìlì sí nígbà yẹn torí ẹ̀bi tiwa ni. Ọ̀gá kan tá à ń ṣiṣẹ́ fún pè mí lórí fóònù pé fódà tí mo fi ránṣẹ́ ò ṣí, ó ní òun wà lójú ọ̀nà, òun fẹ́ rí i kíákíá, ni mo bá sáré lọ yí i sí pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní línkì máa wọlé kó sì máa tún nǹkan ṣe, mo ní tó bá dalẹ́ màá yí i padà. Alẹ́ wo? Mo gbàgbé pátápátá. Ọ̀gá fi línkì ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ilé ìtẹ̀wé fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wọn wo àwọ̀, onítọ̀hún náà ò mọ̀ pé nǹkan ìkọ̀kọ̀ ni, ó jù ú sínú gúrúùpù. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo ṣí ìwé tá a fi ń ṣírò iye tá à ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo bá rí kọ́mẹ́ǹtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí tiwa fi wọ́n ju tàwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí lọ?"

Ara mi tutù wọ̀ọ̀. Ìwé yẹn ò tiẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, ẹnì kan nínú wa ló jù ú sínú fódà kékeré kan tó wà nínú fódà ńlá tí mo pín, òun rò pé àwa mẹ́rin nìkan là ń débẹ̀.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti fara balẹ̀ wo àwọn mẹ́ta táwọn oníbàárà wa sábà máa ń dárúkọ, Google Drive, Dropbox àti OneDrive. Mi ò wo ti bó ṣe yá tó tàbí bó ṣe rẹwà tó o, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wò: tí n bá gbé fódà fún ẹni tí kì í ṣe ara wa, kí lẹni yẹn lè ṣe tí mi ò rò pé ó lè ṣe?

Google Drive ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ti ní kí wọ́n tó pàdé wa, ẹni tó bá ti ní Gmail ti ní Drive nìyẹn, àyè 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn lẹ́tà Gmail àti fọ́tò náà ń jẹ nínú 15GB kan náà. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fódà sílẹ̀, "Restricted" ló máa wà, ìyẹn ni pé ẹni tẹ́ ẹ bá kọ ímeèlì ẹ̀ síbẹ̀ nìkan ló lè wọlé. Ìyẹn dáa gan-an. Ibi tí wàhálà wà ni èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, "Anyone with the link", torí ó ti rọrùn jù, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa tẹ̀ ẹ́, kò sì ní bi yín léèrè mọ́. Línkì ò mojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣáà ti mú un lọ́wọ́ ló ń gbà wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀gá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, èmi fọwọ́ ara mi la ògiri lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀: tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé kan lórí Google Docs tẹ́ ẹ wá rí ẹranko kan lókè níbẹ̀, "Anonymous Capybara" tàbí irú ẹ̀, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ o. Ẹranko yẹn kì í ṣàdéédé dé. Línkì tó ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé, èèyàn gidi sì ni, ẹ ò ṣáà mọ èyí tó jẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀ bó ṣe yẹ, oríṣi mẹ́ta ló wà. "Viewer" á máa wò, "Commenter" á máa wò á sì máa sọ tẹnu ẹ̀, "Editor" á ṣe bó ṣe wù ú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé "Editor" tún lè pe ẹlòmíì wọlé láì wojú yín, ó tiẹ̀ lè sọ ẹni tẹ́ ẹ fi sí "Viewer" di "Editor" bíi tiẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé nìyẹn. Ẹ wo òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ibi tẹ́ ẹ ti ń pín in, àmì kan wà níbẹ̀ tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí i tí wọ́n máàkì ẹ̀ pé kí àwọn "Editor" lè yí àṣẹ padà kí wọ́n sì lè pín in, ẹ yọ máàkì yẹn kúrò. Mo ti bá àwọn tó ti ń lo Drive láti 2012 tó ti jáde sọ̀rọ̀, wọn ò tẹ eyín kẹ̀kẹ́ yẹn rí láyé wọn. Fún fáìlì, ibẹ̀ náà lẹ ti lè ní kí ẹni tó ń wò ó má rí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dáńlóòdù, kó má lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó má lè ṣẹ̀dà ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn jù, ẹni tó bá fẹ́ jí i á fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fódà inú fódà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá jù sínú fódà tẹ́ ẹ ti pín, àṣẹ tó wà lórí fódà yẹn ló máa bá a lọ. Òjò tó bá rọ̀ sórí fódà ńlá, àwọn kéékèèké inú ẹ̀ á tutù, àfi èyí tẹ́ ẹ bá lọ bò fúnra yín. Ẹ ò ní gba lẹ́tà kankan pé "ẹ wò ó o, ará ìta mẹ́ta ti ń rí ìwé yìí báyìí". Ẹ kàn fà á láti ibì kan síbì kejì ni, ó sì ti di ti gbogbo ayé. Ohun tó ṣe wá gan-an nìyẹn, kì í ṣe pé ẹni wa pín ìwé ìṣirò yẹn fẹ́nì kankan, ibi tó gbé e sí ló bá a pín in. Ohun tá a wá ń ṣe báyìí ni pé a ò pín fódà iṣẹ́ wa mọ́ rárá. Fódà míì la dá sílẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó wà lọ́tọ̀ gedegbe, kò sí nínú tiwa, "ÌTA" ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà. Ohun tá a bá fẹ́ kí wọ́n rí la máa ń ṣẹ̀dà ẹ̀ sínú ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó máa ń sú mi nígbà míì, ṣùgbọ́n ojú ò tì mí mọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti ẹni tó ni fáìlì. Ẹ ní fódà yín, ẹ pe oníbàárà wọlé, ó kó fọ́tò ogójì sínú ẹ̀. Ta ló ni fọ́tò yẹn? Òun ni o! Fódà tiyín, fọ́tò tiẹ̀, inú àyè tiẹ̀ ló ń jẹ, kì í ṣe tiyín, èyí tó dáa létí tó ò bá rò ó jìnnà. Ọjọ́ tó bá pinnu pé òun fẹ́ palẹ̀ Drive òun mọ́, tó pa wọ́n rẹ́ tó sì kó ìdọ̀tí ẹ̀ dànù, wọ́n ti lọ nìyẹn, inú fódà yín ló ti máa di òfìfo. Tó bá sì pa àkáǹtì ẹ̀ rẹ́ ńkọ́? Ohun kan náà ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá wa tún fọ́tò ṣe pé bí fáìlì ará ìta bá ti wọlé báyìí, "Make a copy", kíá, ẹ̀dà yẹn tiwa ni. Àwọn tó ń lo àkáǹtì ọ́fíìsì tó ní "shared drive" ò ní wàhálà yìí, torí nínú ìyẹn, ilé iṣẹ́ ló ni gbogbo ohun tó bá wọbẹ̀, ẹni tó jù ú síbẹ̀ lè lọ, fáìlì ò ní bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ní i, ẹ lò ó fún iṣẹ́ ìta, ẹ má tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan tún wà tó ń jẹ wákàtí mi ju gbogbo èyí lọ, ó sì kéré lójú: ímeèlì méjì. Gbogbo oníbàárà ló ní ímeèlì ọ́fíìsì àti ímeèlì tara ẹ̀. Ẹ̀yin á kọ ti ọ́fíìsì síbẹ̀ torí òun ló fi kọ̀wé sí yín, fóònù ẹ̀ á sì fi ti ara ẹ̀ ṣí i, ni Google á bá ní kò láṣẹ, òun á tẹ bọ́tìnì pé òun ń tọrọ àyè, ẹ̀yin á rí lẹ́tà pé ẹnì kan ń tọrọ àyè, ẹ̀yin náà ń kánjú, ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ dúró ná! Ẹ ti wo àdírẹ́sì yẹn? Orúkọ tó bá kọ síwájú ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara ẹ̀ ní orúkọ oníbàárà yín. Ní tèmi, mo máa ń bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ímeèlì wo ló wà lórí fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ fi wò ó?" Ìbéèrè yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ìpè fóònù tí mi ò lè kà tán. Ẹni tí ò bá ní Gmail ńkọ́? Ó lè fi ímeèlì èyíkéyìí tó ní dá àkáǹtì Google sílẹ̀, kò dìgbà tó bá jẹ́ Gmail, tó bá sì jẹ́ àkáǹtì ọ́fíìsì lẹ fi ń pín in, wọ́n lè fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ̀ tó máa fi wọlé láì dá nǹkan kan sílẹ̀.

Ó kan Dropbox. Kì í ṣe ọmọdé nínú wọn, 2008 ló ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, ó sì hàn pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, torí bó ṣe ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn ò láriwo rárá. Ṣùgbọ́n ará ìta? Hmm. Ẹni tí kì í sanwó, 2GB ni wọ́n fún un. Tẹ́ ẹ bá sì pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ inú fódà yín, gbogbo ìwúwo fódà yẹn ló máa jókòó lé e lórí, kì í ṣe yín nìkan. Tí fódà yín bá jẹ́ 6GB, kò lè wọlé, ó parí. Oníbàárà ò sì ní mọ ìdí, á ní ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀yin ló máa bínú sí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kẹ́ ẹ má pè é wọlé, ẹ fún un ní línkì ìwòran lásán, ìyẹn ò gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀, kò tiẹ̀ nílò àkáǹtì. A ti wá padà sórí línkì nìyẹn, ẹ ò rí i? Dropbox lè fi páásíwọ̀ọ̀dù àti ọjọ́ tó máa kú sórí línkì, Google Drive ò ní ti páásíwọ̀ọ̀dù yẹn rárá, àmọ́ àwọn tó ń sanwó ni Dropbox ń fún. Mo sanwó nítorí ìyẹn nìkan, mi ò sì kábàámọ̀.

Ibi tí Dropbox ti fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ ni ti gbígba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. "File request" ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣẹ̀dá ẹ̀, ẹ fi línkì ránṣẹ́, ẹni yẹn á jù fáìlì síbẹ̀ láì ní àkáǹtì, kò ní rí ohun tó wà nínú fódà yín, kò ní rí ohun tí ẹlòmíì jù síbẹ̀, fáìlì á sì jókòó sínú àyè tiyín. Ó dà bí àpótí tí wọ́n lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lórí, ọwọ́ ń jù ú sínú ẹ̀ ni, ojú ò ríbẹ̀. Ogún èèyàn ló kọ nǹkan sínú ìwé kan tá a ṣe lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ ẹnì kejì. Ọ̀nà tí Google fẹ́ gbà ṣe irú ẹ̀ ni Google Forms, fọ́ọ̀mù téèyàn ń kún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ́ pé wọ́n máa gbé fáìlì sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì Google ná, ìdajì àwọn èèyàn mi ti sá lọ nígbà yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan nínú Dropbox ṣá: ẹni tẹ́ ẹ bá fún láṣẹ láti tún nǹkan ṣe, tó bá pa fáìlì rẹ́ nínú fódà tẹ́ ẹ jọ ń lò, ó pa á rẹ́ fún gbogbo yín ni. Àwọn kan rò pé àwọn kàn ń yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn kí àyè lè wà. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti wá a padà tó bá jẹ́ àkáǹtì ọ̀fẹ́, Google Drive náà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìdọ̀tí ẹ̀ ń pẹ́ mọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú Dropbox ni pé tẹ́ ẹ bá ń yọ èèyàn kúrò, wọ́n á bi yín bóyá kí ẹni náà ṣì ní ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀ tàbí kó má ní. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

OneDrive, ti Microsoft, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. 5GB ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé àkáǹtì ọ́fíìsì lẹ ní, òun ló mọ́ létòlétò jù nínú àwọn mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín nǹkan á bi yín ní kedere: ṣé ẹnikẹ́ni ni, ṣé àwọn ará ilé iṣẹ́ yín ni, àbí àwọn kan pàtó? Ẹ mú "Specific people". Línkì yẹn lè dé ọwọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹni tẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ nìkan ni yóò ṣí fún. Ohun tí mò ń pariwo láti òkè nìyẹn! Ìnira ẹ̀ ni pé ará ìta tí ò ní àkáǹtì Microsoft á gba nọ́ńbà kan nínú ímeèlì kó tó wọlé, nọ́ńbà yẹn sì mọ̀ ọ́n sá lọ sínú spam bí nǹkan míì. Ìyá àgbà kan tó ń bá wa ka ìwé wò sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹ kúkú tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kẹ́ ẹ gbé e wá." Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà mo gbé e lọ. Ní ti ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́, àkáǹtì ọ́fíìsì máa ń tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ 93, ó ju ọgbọ̀n ọjọ́ tí àkáǹtì ọ̀fẹ́ àwọn méjì tó kù ń fúnni lọ. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ yín tàbí tiwọn lè ti gbogbo ọ̀nà ìta pa, ẹ lè fi gbogbo ọ̀sán tẹ bọ́tìnì, kò ní ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n fún wọn ní máàkì: Google Drive, 4 nínú 5, tó bá jẹ́ pé ẹ máa tẹ eyín kẹ̀kẹ́ yẹn, tẹ́ ò bá ní tẹ̀ ẹ́, 2 ni. Dropbox, 3 tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúnni ní fódà, 5 tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ èèyàn. OneDrive ti ọ́fíìsì, 4. Ti ọ̀fẹ́, 2 àtààbọ̀, ẹ máa bínú sí mi.

Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò. Nínú Drive, mo máa ń kọ "to:" sínú àpótí ìwákiri, n wá kọ ímeèlì ẹni náà tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tí mo pín fún un á sì jáde síta. Oṣù tó kọjá mo rí ẹnì kan tá a ti parí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ṣì jẹ́ "Editor" nínú fódà mẹ́ta. Mo yọ ọ́. Lánàá òde yìí ni lẹ́tà dé pé ẹnì kan ń tọrọ àyè sínú ọ̀kan nínú àwọn fódà "ÌTA" wa, orúkọ ọ̀gá àkọ́kọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ímeèlì ẹ̀ ò jọ èyí tí mo mọ̀. Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní òun kọ́, òun wà nílé, òun ń sùn.